Ibo Ni Ká Ti Jọ Wo Bọ́ọ̀lù?

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa bá wa sọ níbi ìpàdé ní Catford)

Nígbà tí akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera, mo mọ̀ pé iyọ̀ àti ṣúgà lẹ ti ń retí. Ẹ fọkàn balẹ̀, bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ sọ.

Bí ìdíje ńlá bá ti dé, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, "Nọ́ọ̀sì, ibo lẹ ti fẹ́ wò ó?" Nígbà tí mo wà lọ́mọdé n'Íbàdàn, kò sẹ́ni tó ń bèèrè bẹ́ẹ̀. Ilé ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n àti jẹnẹrétọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń lọ. Ibẹ̀ la wà lóṣù keje ọdún 1996, nígbà tí Brazil fi 3-1 ṣáájú wa nínú ìdíje Òlíńpíìkì, tí Kanu dá a padà sí 3-3, tó sì tún gbá góòlù kẹrin wọlé. Lọ́jọ́ 3 oṣù kẹjọ, a na Argentina 3-2. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé ọkàn Kanu fúnra rẹ̀ ní àrùn, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Cleveland, l'Amẹ́ríkà. Ó padà sórí pápá o, ó sì dá Kanu Heart Foundation sílẹ̀ lọ́dún 2000.

Ní ìlú tí a wà yìí, oníkálukú ló ní tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá rẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Lọ́jọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2024, Nàìjíríà pàdé South Africa ní Bouaké. Ẹ ò ní gbàgbé: a ti ń fi 1-0 borí, Osimhen gbá ìkejì wọlé, a ti ń jó. Àfi bí rẹfirí ṣe lọ wo fídíò, tó fagi lé góòlù wa, tó sì fún South Africa ní pẹ́nárítì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ayọ̀ di 1-1. Pẹ́nárítì la fi borí wọn níkẹyìn, 4-2. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn kan kú ní Nàìjíríà nídìí eré náà. Àwọn ìwé ìròyìn dárúkọ Dókítà Cairo Ojougboh, tó ti jẹ́ aṣojú-ṣòfin rí.

Èmi wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́. Bàbá àwọn ọmọ mi dá wà nílé. (Ó fún mi láyè láti sọ ọ́. Ó wà níbẹ̀ yẹn, ẹ má wulẹ̀ yíjú wò ó.) Nígbà tí mo wọlé láago mẹ́jọ àárọ̀, orí àga kan náà ni mo bá a, tẹlifíṣọ̀n ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó ní àyà ti ń fún òun láti ìgbà pẹ́nárítì, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ dà mí láàmú lẹ́nu iṣẹ́. Ìyàwó nọ́ọ̀sì, ọkọ ò pe 999! Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ọkàn kò tíì bàjẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ga, nítorí kò lo oògùn rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi tí mo ń kọ́ gbogbo ènìyàn, n kò mọ̀.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Nígbà tí Jámánì gbàlejò ife ẹ̀yẹ àgbáyé lọ́dún 2006, àwọn dókítà agbègbè Munich ka iye ènìyàn tí ọkàn dà láàmú. Lọ́jọ́ tí Jámánì bá gbá bọ́ọ̀lù, iye náà ju ìlọ́po méjì àtààbọ̀ ti ọjọ́ mìíràn lọ. Ti àwọn ọkùnrin ju ìlọ́po mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, tí í ṣe ọjọ́ 11, ó ní òun ń lọ Peckham lọ wo àṣekágbá. Mo fẹ́ kọ̀. Ó ní, "Ṣé kí n tún dá wò ó nílé ni?" N kò rí èsì. A jọ wọ bọ́ọ̀sì 171.

Ibẹ̀ dùn, n kò ní purọ́. Ìlù, ata, suya, gbogbo wa sì ń pe Lookman ní ọmọ àdúgbò, nítorí Peckham ló ti dàgbà. Nígbà tí Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé, àjèjì gbé mi sókè. Ṣùgbọ́n nígbà tí Haller gbá ìkejì ti Ivory Coast, òòyì kọ́ ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Àga àti kúlà ti dí ẹnu ọ̀nà, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ibi gbé e jáde sí. Afẹ́fẹ́ ló nílò, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ká ní ọkàn ló dúró ńkọ́?

Nítorí náà, èmi kò ní ní kí ẹnikẹ́ni jókòó sílé. Ilé ọtí ní Rushey Green wà fún ẹni tó bá fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í sábà tan ohùn eré tiwa. Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ fún ni gbọ̀ngàn: kí ìdíje tó tún dé, kí a háyà ọ̀kan ní Catford níbí, kí a san owó láísẹ́ńsì tẹlifíṣọ̀n, kí ìlù wà, kí ọmọdé wà, kí ẹnu ọ̀nà sì ṣófo. Kí a mọ ibi tí ẹ̀rọ tó ń ta ọkàn jí wà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn, kó lò ó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Suya méjì, kì í ṣe mẹ́fà. Ìyẹn ni iyọ̀ tí mo ṣèlérí.

Bí ẹnìkan bá ṣubú tí kò mí dáadáa mọ́, ẹ pe 999, kí ẹlòmíràn fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, láìdúró. Mo ti gbé ọmọláńgidi tí a fi ń kọ́ ọ dání. Alága, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́ agbádá.