Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Tuntun



Ìlú ìbejì ni wọ́n ń pe Igbó-Ọrà. Ìbejì sì sábà máa ń tètè dé, wọ́n máa ń kéré. Ọmọ tí kò tó kílò méjì ààbọ̀ kò ní oúnjẹ púpọ̀ nípamọ́ nínú ara. Bí wọ́n bá ti gé ìwọ́ rẹ̀, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, bó ti wù kó sanra tó.

Láti yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ náà wò, nọ́ọ̀sì á mú kí gìgísẹ̀ ọmọ lọ́wọ́ọ́rọ́, á fi spírítì nù ún, á jẹ́ kó gbẹ, torí spírítì tútù lè ba èsì jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ ló ń gún, kì í ṣe àárín. Á nu ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ dànù, á fi èkejì kan ìwé pélébé tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń ka ṣúgà ẹ̀jẹ̀. Kíá, nọ́ńbà á yọ. Bí kò bá tó 2.6 lórí ẹ̀rọ tó ń ka mílímóólù, tàbí 47 lórí èyí tó ń ka mílígíráàmù, wọn kì í fi falẹ̀: ọyàn, jẹ́lì ṣúgà, tàbí omi ṣúgà gba inú iṣan.

Bí ṣúgà bá já wálẹ̀, ọmọ mìíràn á máa gbọ̀n, á rọ jọwọrọ, kò ní fẹ́ mu ọyàn. Òmíràn kò ní fi àmì kankan hàn. Ìdí àyẹ̀wò nìyẹn.

Ẹ fi ọmọ sí ọyàn láàárín wákàtí àkọ́kọ́. Ẹ má fún un ní àgbo. Bó bá sì jẹ́ ìbejì, kí wọ́n yẹ Táíwò wò, kí wọ́n yẹ Kẹ́hìndé wò: èsì ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì.