Portimão: Ìdíje Alùpùpù Tó Kádìí Sáà 2020

Lọ́jọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, Portimão nílẹ̀ Potogí ni ìdíje alùpùpù MotoGP ti kádìí sáà rẹ̀, pápá tí ìdíje náà kò tíì dé rí ṣáájú ìgbà náà. Àrùn Kòrónà ló da ètò ọdún náà rú, kò sì sóǹwòran kankan lórí ìjókòó.

Pápá ọ̀hún kì í ṣe ilẹ̀ títẹ́jú o! Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni: ó gòkè, ó sọ̀kalẹ̀. Téèyàn bá sáré dórí òkè kan, kò ní rí ibi tí ọ̀nà yà sí níwájú; táyà iwájú á sì fẹ́ fò kúrò nílẹ̀.

Joan Mir, ọ̀kan lára àwọn olùdíje, ti gba ife-ẹ̀yẹ sáà náà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Kí ló wá kù? Miguel Oliveira, ọmọ onílé! Òun ló ṣíwájú ní gbogbo ìyípo 25, ó sì fi ìṣẹ́jú-àáyá 3 lé díẹ̀ na Jack Miller. Ní tèmi, ìjà ipò kejì ló dùn jù: ìyípo ìkẹyìn ni Miller já a gbà lọ́wọ́ Franco Morbidelli.

Mir ńkọ́? Alùpùpù rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀, kò parí eré. Ní àpapọ̀ sáà náà, Ducati ló gbégbá orókè láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe alùpùpù.