Agogo Tí Kò Dákẹ́

Bí ọmọ kan ní Accra kò bá lè gun àtẹ̀gùn mọ́, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ wú, tí ara rẹ̀ sì sú ní oríkèé ìka, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ àrùn iṣan tí à ń pè ní dermatomyositis.

Ní 1957, Isaacs àti Lindenmann ṣàwárí interferon ní London. Agogo ìkìlọ̀ ni, tí ara ń lù bí fáírọ́ọ̀sì bá wọlé. Nínú àrùn yìí, agogo náà kì í dákẹ́. Àwọn jíìnì tí ń ta ọmọ-ogun ara jí kò sinmi, ogun náà sì ń ba iṣan ọmọ jẹ́. Oògùn wà tí ń mú un rọlẹ̀.

Láti 1923 ni ilé ìwòsàn Korle Bu ti ṣílẹ̀kùn. Ẹ tètè gbé ọmọ lọ.