Ẹ Rán Ẹsẹ̀ Kejì Níṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ ní Ìta-Ògbólú

   A mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. A kò ní fi ọ̀rọ̀ gígùn dá yín dúró.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni a fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má ṣe sọ pé, "Kí ló kàn wá níbẹ̀? Eré ọmọdé ni." Àwọn ọmọ tí ń gbá a, ọmọ ta ni wọ́n? Ṣebí ọmọ wa ni. Púpọ̀ nínú wọn ló sì ń retí pé bọ́ọ̀lù ni yóò gbé àwọn dé Àkúrẹ́, kí ó tó gbé wọn dé ìlú òyìnbó.

Ní àìpẹ́ yìí, a lọ wo eré kan. Kóòṣì kan wá láti Àkúrẹ́, ó ń wá ọmọ tí yóò mú. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ dára púpọ̀. Ó lè sáré, ó gbọ́n. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kí ó parí, bọ́ọ̀lù bọ́ síwájú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Aṣọ́lé ti ṣubú. Ojú ilé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kí ó kàn fi ẹsẹ̀ òsì tì í wọlé ló kù. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yí bìrí, ó ń wá bí bọ́ọ̀lù yóò ṣe bọ́ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kí ó tó yí tán, ẹnìkan ti dé, ó gbá bọ́ọ̀lù náà sọnù sínú igbó.

Kóòṣì pa ìwé rẹ̀ dé, ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Ọmọ náà jókòó sórí koríko, ó ń sunkún. Àwọn kan ń sọ pé, "Ayé ló ṣe é." Ayé kọ́ o. Ẹsẹ̀ tí kò rán níṣẹ́ rí ló já a kulẹ̀.

Kí ló dé tí ẹsẹ̀ kan fi ń mọ iṣẹ́ ju èkejì lọ? Apá kan wá láti inú ìbí wa. Nínú ènìyàn mẹ́wàá, bíi mẹ́jọ ló ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ìlò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọmọ méjì bá wà nínú ilé, tí ẹ ń rán ọ̀kan lọ sọ́jà lójoojúmọ́, tí ẹ kò rán èkejì rárá, ta ni yóò mọ ọjà? Bí ẹ bá wá rán èkejì lọ́jọ́ kan, tí ó sọnù sọ́nà, ẹ ó ní òmùgọ̀ ni. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ kò rán an rí ni.

Ní ọdún 1998, wọ́n gbá Ife Àgbáyé ní ilẹ̀ Faransé. Nàìjíríà wà níbẹ̀, a sì na Spain ní góòlù 3 sí 2. Lẹ́yìn náà, àwọn olùwádìí kan wo àwòrán àwọn eré ìdíje yẹn, wọ́n ń ka iye ìgbà tí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan lo ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì. Ohun méjì ni wọ́n rí. Èkíní, àwọn ògbóǹtarìgì wọ̀nyẹn pàápàá kì í fẹ́ lo ẹsẹ̀ kejì. Èkejì, nígbà díẹ̀ tí wọ́n lò ó, iṣẹ́ tí ó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dára bíi ti èkíní. Ẹ gbọ́ ná: ẹsẹ̀ náà mọ iṣẹ́ ṣe, olówó rẹ̀ ni kò rán an. Òótọ́ ni pé àwọn wọ̀nyẹn ti kọ́ ẹsẹ̀ wọn láti kékeré. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí tiwa náà bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó lo ẹsẹ̀ méjèèjì. Andreas Brehme ni orúkọ rẹ̀, ará Jámánì. Ní ọdún 1986, Jámánì àti Mexico gbá ọ̀mì nínú Ife Àgbáyé, wọ́n sì ní kí wọ́n gbá pẹnáritì. Ẹsẹ̀ òsì ni Brehme fi gbá tirẹ̀, ó sì wọlé. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje, ọdún 1990, Jámánì àti Argentina pàdé ní Rome láti gba ife. Kò sí ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé títí ó fi kù díẹ̀ kí eré parí. Ní ìṣẹ́jú 85, Jámánì gba pẹnáritì. Brehme náà ló tún jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi gbá a. Aṣọ́lé fò sí ibi tí bọ́ọ̀lù gbà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Góòlù kan ṣoṣo yẹn ló gba ife.

Ọmọ tiwa náà ń kọ́? Ní ọdún 1993, Jay-Jay Okocha ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Frankfurt ní Jámánì. Lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé Karlsruhe, ó mú bọ́ọ̀lù wọ iwájú ilé. Ó mú un lọ sọ́tùn-ún, ó dá a padà sósì, ó tún yí i. Oliver Kahn tí ó jẹ́ aṣọ́lé ń ṣubú, ó ń dìde. Àwọn ẹlòmíràn ń sáré kọjá lásán. Kí ló dé? Wọn kò mọ ìgbà tí yóò gbá a, wọn kò sì mọ ẹsẹ̀ tí yóò lò. Bí ọ̀tá bá ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan ni yóò dí.

Ẹnìkan lè bi wá pé, "Maradona ń kọ́? Ẹsẹ̀ òsì ló máa ń lò jù." Òótọ́ ni. Ẹlẹ́bùn mìíràn wà tí ẹsẹ̀ kan tó fún. Ṣùgbọ́n Maradona mélòó ló wà láyé? Kí ọmọ wa má fi ẹ̀bùn ẹlòmíràn gbọ́kàn lé.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú àṣà wa. A kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Àṣà rere ni, a kò ní kí ẹ sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ti ọwọ́ nìyẹn, kì í ṣe ti ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀lù kì í ṣe àgbà tí à ń kí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ méjì yìí lójú pátákó: òsì, òṣì. Àmì kékeré kan ló yà wọ́n. Ẹsẹ̀ òsì kì í ṣe ẹsẹ̀ òṣì. Bí ọmọ yín bá sì jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ òsì, ẹ má nà án, ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà. Taye Taiwo, ọmọ Èkó, ẹsẹ̀ òsì ló fi di ìlúmọ̀ọ́ká. Ó bá ẹgbẹ́ Marseille gba ife líìgì ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2010. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kí ó rán níṣẹ́.

Báwo ni a ó ṣe kọ́ ọ? Kò gba owó. Ẹ má sọ pé kò sí bàtà. Ní ọdún 1949, nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Teslim Balogun wà lára wọn, púpọ̀ nínú wọn ni kò wọ bàtà. Síbẹ̀ wọ́n na ẹgbẹ́ Marine ní 5 sí 2. Ẹ gbọ́ bí a ó ṣe ṣe é:

1. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ẹsẹ̀ tí ó ń dúró. Bí ẹsẹ̀ òsì bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń gbé gbogbo ara. Tí kò bá mọ̀ ọ́n dúró, ara yóò yẹ̀. Kí ọmọ fi ẹsẹ̀ kan dúró, kí ó ka 1 títí dé 30.

2. Kí ó dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ògiri, kí ó máa fi inú ẹsẹ̀ kejì gbá bọ́ọ̀lù sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí ẹsẹ̀ tí ó dúró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù, kí ọmọ ìka rẹ̀ kọjú sí ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Ìgbà 50. Ògiri ilé onílé kọ́ o!

3. Bí bọ́ọ̀lù bá ń padà bọ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ kejì náà dá a dúró.

4. Kí ó to òkúta mẹ́fà, kí ó máa fi ẹsẹ̀ kejì da bọ́ọ̀lù gba àárín wọn.

5. Bí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣeré, kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹsẹ̀ kejì nìkan ni.

Ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ dára ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù. Bí orúnkún bá ń dùn ún, kí ó sinmi. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Níbi tí ó ti kàn yín gan-an nìyí. Ẹ wo ọwọ́ yín. Ọdún mélòó ló fi di àdá àti ọkọ́ mú? Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ di pẹ́ńsù mú ńkọ́? Ọwọ́ ń gbọ̀n, ìlà ń wọ́. Àwọn kan ní, "Ọwọ́ mi ti le, kò lè kọ̀wé mọ́." Lónìí, ẹ ń kọ orúkọ yín. Ta ló tún mọ̀ ju yín lọ bí ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ṣe ń di ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe?

Nítorí náà, ẹ fi ìwé yín ran ọmọ lọ́wọ́. Ẹ la ojú ewé kan. Ẹ kọ ọjọ́ síbẹ̀, ẹ kọ iye tí ó gbá, ẹ kọ iye tí ó bá ibi tí ó fojú sùn. "Mọ́ńdè: 50, 18." Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ jọ kà á. Ọmọ náà yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i bóyá òun ń tẹ̀síwájú.

Ọmọ tí ó sunkún lọ́jọ́sí ti ń gbá bọ́ọ̀lù sí ògiri láràárọ̀. A kò lè ṣèlérí fún un pé kóòṣì yẹn yóò padà wá. Ohun tí a mọ̀ ni pé bí bọ́ọ̀lù bá tún bọ́ sósì, kò ní í wá ọ̀tún kiri mọ́.

Ọ̀tún ló ń wẹ òsì, òsì ló ń wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹsẹ̀.