Ajá Ọdẹ Nínú Ọgbà Oyin

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ sọ ní ìlú Ọ̀fà

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kéde pé ọ̀rọ̀ ajá àti oyin ni n óò sọ, mo gbọ́ pé àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, kí ni ó pa ajá àti oyin pọ̀? Bí ajá bá rí oyin, ṣe ni ó ń sá. Bí oyin bá rí ajá, ṣe ni ó ń ta á. N kò bínú sí wọn. Ohun tí mo bẹ̀ ni pé kí ẹ gbọ́ mi dé òpin, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan ìmọ̀ àwọn ọdẹ wa, ó kan oúnjẹ àwọn baba wa, ó sì kan owó àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbé àpótí oyin sí abẹ́ igi kajú àti igi òrí ní agbègbè ìlú wa.

Láyé àwọn baba wa, inú ihò igi àti pàlàpálá àpáta ni a ti ń rí oyin. Ọ̀gànjọ́ òru ni ọkùnrin yóò mú ògùṣọ̀ àti àáké, yóò fi iná lé oyin, yóò sì kó afárá lọ sílé. Òwe wa sì ti sọ ọ́ pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹni tí ó ń wá oyin nínú igbó kò bìkítà bóyá oyin náà yè tàbí ó kú, nítorí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òde òní a ti ń kan àpótí fún oyin, a ń fi ìda pa á lára kí oyin lè wọ̀ ọ́, a sì ń padà kó afárá láì pa wọ́n. Bí ènìyàn bá ti di olóhun báyìí, àìsàn ohun rẹ̀ ti di ọ̀ràn rẹ̀. Ẹni tí ó ń sin adìẹ mọ àrùn adìẹ. Ẹni tí ó ń sin màlúù mọ àrùn màlúù. Ta ni nínú wa tí ó mọ àrùn oyin?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó le jù nínú wọn. Àwọn òyìnbó ń pè é ní American foulbrood; ẹ jẹ́ kí àwa pè é ní àrùn ìjẹrà ọmọ oyin. Ẹ má ṣe rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni ó wà. Kòkòrò àìfojúrí kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Paenibacillus larvae ni ó ń fà á. Ẹyin oyin a máa pa ní ọjọ́ kẹta, a sì di ìdin. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, ní ọjọ́ 21 ni òṣìṣẹ́ oyin yóò jáde láti inú ihò afárá. Ṣùgbọ́n bí hóró kòkòrò yìí bá wọ inú oúnjẹ ìdin kékeré tí kò ì pé ọjọ́ méjì, yóò hù nínú ikùn rẹ̀, yóò sì sọ ara rẹ̀ di ọbẹ̀ pupa rúsúrúsú tí ó ń fà bí ilá. Àgbà oyin kò ní àrùn yìí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn gan-an ni ó ń fi ẹnu wọn pín in kiri bí wọ́n ti ń palẹ̀ òkú mọ́ tí wọ́n sì ń bọ́ àwọn ọmọ yòókù. Nígbà tí kò bá sí ọmọ tí yóò rọ́pò àgbà mọ́, ilé oyin náà yóò rọ díẹ̀díẹ̀. Oyin ilé mìíràn yóò wá kó oyin ilé tí ó ń kú lọ, wọn yóò sì gbé ikú lọ sílé wọn.

Ohun tí ó bani lẹ́rù jù nínú rẹ̀ ni pé hóró náà kì í tètè kú. Ó lè wà nínú àpótí gbígbẹ fún ohun tí ó ju 35 ọdún lọ, kí ó sì tún jí. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé, ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, òfin ni pé kí a gbẹ́ ihò, kí a kó ilé oyin tí ó ní àrùn náà sínú rẹ̀, kí a sun ún, kí a sì bo eérú mọ́lẹ̀.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan níwájú yín. Èmi tí mo dúró yìí ra àpótí oyin mẹ́rin nígbà kan tí ẹlòmíràn ti lò rí. Oyin wọ inú wọn, inú mi sì dùn. Kí ọdún tó yí po, mẹ́ta ti ṣófo. Mo rí afárá tí ó dúdú, tí ìdérí ihò rẹ̀ jìn wọnú tí ó sì lu, mo sì gbóòórùn kan tí kò dára. Àwọn kan ní oògùn tí wọ́n fín sí oko ni ó pa wọ́n. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ayé ni. N kò yẹ ohunkóhun wò. Èyí tí ó burú jù ni pé mo fi àpótí náà ta ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lọ́rẹ, mo sì rò pé oore ni mo ṣe. Tirẹ̀ náà ṣófo. Títí di òní, èmi pẹ̀lú rẹ̀ kò mọ ohun tí ó pa oyin wa. Nítorí èyí ni mo ṣe ń wá ìmọ̀ kiri, ibẹ̀ ni mo sì ti bá ajá pàdé.

Ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1982 ni ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ti ìjọba ti ń lo ajá láti wá àrùn yìí. Láàárín àwọn ajá náà, a gbọ́ òkìkí Mack, ajá irú Labrador, tí Cybil Preston, tí ó jẹ́ olórí àwọn tí ń bẹ ilé oyin wò nígbà náà, mú káàkiri. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ irú ajá bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti yé ọdẹ. Wọn yóò fi afárá tí ó ní àrùn pamọ́ sínú ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ àpótí. Nígbà tí ajá bá dé ibẹ̀, wọn yóò fún un ní ohun tí ó fẹ́ràn. Bí wọ́n ti ń ṣe é lójoojúmọ́ ni wọn yóò máa fi afárá tí ó dá ṣáṣá, ìda àti oyin gidi dán an wò, kí ó lè mọ̀ pé òórùn kan ṣoṣo ni èrè rẹ̀ wà lára. Wọn a sì kọ́ ọ pé bí ó bá gbóòórùn náà, kí ó má ṣe gbó, kí ó má ṣe fi èékánná họ àpótí, bí kò ṣe pé kí ó jókòó jẹ́ẹ́. Bí ajá bá jókòó, ènìyàn yóò wá ṣí àpótí náà, yóò sì fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Nípa báyìí, ajá a yára kọjá lára ọ̀pọ̀ àpótí, nígbà tí ẹni tí ó ní láti ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kò ì ṣe ju díẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọdẹ, ǹjẹ́ èyí ṣe àjèjì sí yín? Àwọn baba yín a máa jẹ́ kí ọmọ ajá tẹ̀lé àgbà ajá wọ igbó, wọn a sì bù fún un nínú ẹran tí ó bá lé jáde. Wọn a sọ ajá ní orúkọ tí ó kún fún ọgbọ́n, wọn a mọ èyí tí imú rẹ̀ mú yàtọ̀ sí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tí ojú kò rí, imú ajá rí i.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ tàn yín jẹ. Ajá Maryland ń ṣiṣẹ́ ní ìgbà òtútù, nígbà tí oyin kó ara wọn jọ gbọin nínú ilé tí wọn kò sì fò. Kò sí irú òtútù bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀fà. Ọyẹ́ wa a máa mú ètè bẹ́, ṣùgbọ́n kì í ti oyin mọ́lé. Àkókò ọyẹ́ gan-an ni igi kajú ń tanná tí oyin sì ń ṣiṣẹ́. Oyin ilẹ̀ wa sì yára bínú ju ti òyìnbó lọ. Bí a bá mú ajá wọ àárín wọn ní ọ̀sán, òkú rẹ̀ ni a óò gbé jáde. Olùsìn oyin kan ní South Australia gbìyànjú láti bọ́ nínú ìṣòro yìí. Ní ọdún 2018 a gbọ́ pé ó rán aṣọ ìdáàbòbò fún ajá rẹ̀ tí ń jẹ́ Bazz, èyí tí ó bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wọ irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà wa tí kò ní dákú?

Níhìn-ín ni iṣẹ́ tí a ṣe nítòsí wa lè ràn wá lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Gáḿbíà, àwọn onímọ̀ fún àwọn ọmọdé ní ìbọ̀sẹ̀ láti wọ̀ sùn. Wọ́n kó ìbọ̀sẹ̀ ọmọ 175 lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú àwọn ọmọ náà, 30 ní kòkòrò ibà lára láì ṣàìsàn, 145 kò ní i. Ajá tí a kọ́ fi imú mọ 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ní i, ó sì mọ 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò ní i. A tẹ iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 2019. Ẹ kíyè sí i pé ajá náà kò dé Gáḿbíà rárá. Òórùn ni a gbé lọ bá a. Ní Morogoro ní ilẹ̀ Tàǹsáníà pẹ̀lú, òkété, ẹbí òkété tí àwa ń yan jẹ, ni ẹgbẹ́ APOPO ń kọ́ láti fi imú mọ ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú itọ́ tí a gbé wá láti ilé ìwòsàn. Ọ̀kan nínú irú òkété wọn, Magawa, gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní ọdún 2020 nítorí àwọn àdó olóró abẹ́ ilẹ̀ tí ó wá rí ní Cambodia.

Nítorí náà, èrò mi ni pé bí a óò bá fi ajá ṣe iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa, kí a má ṣe mú ajá lọ bá oyin. Kí a bu ègé afárá, kí a dé e pinpin sínú ìgò, kí a sì gbé e lọ bá ajá níbi tí oyin kò sí, kí a sì sun afárá náà lẹ́yìn iṣẹ́. Ṣùgbọ́n a kò lè kọ́ ajá láìní òórùn àrùn gidi lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ ìlú ní ìkọ̀kọ̀. Iṣẹ́ ìjọba àti àwọn ọ̀mọ̀wé nìyẹn.

Ẹnìkan lè ní, ṣé àrùn náà jẹ wá lógún? Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé wọ́n rí hóró rẹ̀ nínú oyin tí ó wá láti Guinea-Bissau, ní apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa yìí. Ní ọdún 2015, ó jà rànyìn ní Western Cape ní Gúúsù Áfíríkà. Kékeré ni a ti ń pa ẹkàn ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kò ní ká a mọ́.

Kí ni kí a ṣe, kí ajá tó dé? Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra àpótí àlòkù láìmọ ìtàn rẹ̀, kí a má sì fi oyin tí a rà lọ́jà bọ́ oyin wa. Èkejì, kí olùsìn oyin máa yẹ afárá ọmọ wò. Bí ìdérí ihò bá jìn wọnú tí ó sì lu, kí ó ki igi ìṣáná bọ inú rẹ̀, kí ó sì rọra fà á jáde. Bí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ bá yọ bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó pa àpótí náà dé, kí ó fọ ọwọ́ àti irinṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì ké sí àwọn tí ó mọ̀. Ẹ̀kẹta, kí Ẹgbẹ́ wa yan ènìyàn mẹ́ta lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Pọ́lì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ìlú wa ní ọdún 1992, kí wọ́n bẹ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ibẹ̀ pé kí wọ́n máa bá wa yẹ afárá tí a fura sí wò. Ẹ̀kẹrin, kí a pe àwọn àgbà ọdẹ, kí a kọ bí wọ́n ti ń kọ́ ajá sínú ìwé, kí wọ́n tó bá ìmọ̀ náà lọ sí ọ̀run.

A mọ àwa ọmọ Ọ̀fà mọ́ ìjàkadì láti ìgbà láéláé. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n jà kì í dúró títí ọ̀tá yóò fi gbé e nílẹ̀ kí ó tó wá ibi tí yóò dì mú. Ní tèmi, mo ti padà tọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ lọ, mo bẹ̀ ẹ́, àwa méjèèjì sì gbẹ́ ihò, a sun àwọn àpótí náà. Ó dùn mí, owó ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò tún gbà wọ́n lọ́rẹ mọ́.

Ajá tí yóò sọnù ni kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Fèrè ti dún, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ.