Ìbínú Ta Ni Òfin Ń Gba Tiẹ̀ Rò?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, ẹ ki earpiece yín bọ etí dáadáa. Ọ̀rọ̀ ìpànìyàn là ń sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ìbínú sì ni.

Bí àgbàlagbà bá mọ̀ọ́mọ̀ pààyàn ní Nàìjíríà, tí ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi, ikú ni ìdájọ́ tí abala 319 Criminal Code wa là sílẹ̀. Ṣùgbọ́n abala 318 ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan. Ó ní bó bá jẹ́ pé wọ́n mú ẹni náà bínú gidigidi, lójijì, tó sì ṣe ohun tó ṣe kí ọkàn rẹ̀ tó rọlẹ̀, manslaughter ni ẹ̀sùn rẹ̀, kì í ṣe murder. Ó máa ṣẹ̀wọ̀n, ó tiẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n gbére, àmọ́ wọn ò ní yẹgi fún un.

Nínú gbogbo ohun tí mo kà yẹn, ọ̀rọ̀ kan ni kẹ́ ẹ mú dání: lójijì.

Ta ló máa ń bínú lójijì, tó sì máa ń pààyàn lójú ẹsẹ̀? Ẹni tó lágbára ni. Ọkùnrin tó ká ọkùnrin mìíràn mọ́ ìyàwó rẹ̀, tó fa ọ̀bẹ yọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní inú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Obìnrin tí wọ́n ti ń lù fún ọdún mẹ́wàá, inú ń bí òun náà, àmọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bó bá dìde lójú ẹsẹ̀, wọ́n lè lù ú pa. Ìbínú tiẹ̀ á máa jó bí iná abẹ́ eérú, ìbẹ̀rù á sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tó bá wá ru sókè, òfin á ní ó ti pẹ́ jù, ó ti ráyè ronú.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbé òfin yìí wá fún wa, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n fi ṣe lọ́dọ̀ tiwọn. Ní 1707, adájọ́ àgbà wọn, Holt, to àwọn ohun tó lè sọ murder di manslaughter lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tó kan ẹni tó bá ìyàwó oníyàwó sùn, ó ní kò sí bí a ṣe lè wọ inú dúkìá ọkùnrin tó ju ìyẹn lọ. Dúkìá o! Ní 1949, nínú ẹjọ́ Duffy, adájọ́ Devlin là á mọ́lẹ̀ pé ìbínú náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òjijì. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù ni Duffy fúnra rẹ̀. Orí rẹ̀ ni òfin òjijì ti kọ́kọ́ balẹ̀.

Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ó kan Kiranjit Ahluwalia. Ọdún mẹ́wàá ni ọkọ rẹ̀ fi lù ú. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní 1989, ní Crawley, nígbà tí ọkùnrin náà ti sùn, ó da epo bẹtiróòlù sí i lára, ó sì ṣáná sí i. Ọkùnrin náà kú. Ilé ẹjọ́ ní murder ni, wọ́n sì sọ obìnrin náà sẹ́wọ̀n gbére. Ẹgbẹ́ Southall Black Sisters gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ rù. Nígbà tó di 1992, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà, ó sì gba òmìnira lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí tí wọ́n fi fagi lé e: ẹ̀rí wà pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń dà á láàmú. Ọ̀rọ̀ òjijì yẹn, wọn ò fọwọ́ kàn án, wọ́n ní iṣẹ́ ilé aṣòfin ni. Ká tó lè ṣàánú rẹ̀, àfi ká kọ́kọ́ pè é ní aláìsàn.

Ilé aṣòfin wọn ṣiṣẹ́ náà ní 2009, òfin tuntun sì bẹ̀rẹ̀ ní October 2010. Wọ́n pa ti àtijọ́ rẹ́. Nínú tuntun, kò pọn dandan mọ́ kó jẹ́ òjijì. Ìbẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ ṣe mí léṣe gidi ti di ohun tí òfin ń gbà rò. Wọ́n sì ní kí ilé ẹjọ́ má ka àgbèrè sí ìdí tó lè múni pààyàn. Ìyẹn ò yanjú gbogbo rẹ̀ o, torí ní 2012, nínú ẹjọ́ Clinton, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní àgbèrè ò lè dá dúró, àmọ́ wọ́n lè wò ó mọ́ àwọn ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn kan ní ká kúkú pa á rẹ́ pátápátá, bí New Zealand ṣe ṣe ní 2009. Èmi ò fara mọ́ ọn fún Nàìjíríà. Lọ́dọ̀ tiwọn, kò sí ìdájọ́ ikú, adájọ́ sì láyè láti fún ẹni tó jẹ̀bi murder ní ohun tó dín sí ẹ̀wọ̀n gbére bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá yàtọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, okùn ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Bí a bá tì í pa, àwọn obìnrin tí à ń sọ yìí náà ló máa há sínú.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí wọ́n tún abala 318 kọ: kí wọ́n yọ òjijì kúrò, kí wọ́n fi ìbẹ̀rù kún un, kí wọ́n má sì jẹ́ kí owú jíjẹ dá dúró gẹ́gẹ́ bí àwíjàre. Ẹnì kan á ní, ṣé kí àwọn ìyàwó máa wá pa ọkọ ni? Rárá o. Òfin England kì í gba ẹni tó jókòó gbèrò ẹ̀san, ẹni tó bá sì jẹ̀bi manslaughter ṣì lè lọ sẹ́wọ̀n. Kí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìbínú alágbára lè wọn ti aláìlágbára náà, ohun tí mò ń sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti 2007 ni Èkó ti ní òfin tó dojú kọ ìwà ipá inú ilé. A ti gbà pé lílù lójoojúmọ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kí ló dé tí a ò fi ní ka àwọn ọjọ́ yẹn nígbà tí ẹni tí wọ́n ń lù bá dé iwájú adájọ́?

Ẹ kọ èrò yín sísàlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin lọ́yà. Ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí pẹ̀lú. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.