Ọmọ Tó Fẹ́ Kọ́ Ìmọ̀ Iná Mànàmáná ní Yunifásítì: Kí Ló Yẹ Kí Ìyá Rẹ̀ Mọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá wa sọ ní ìpàdé gbogbogbò

  

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ní kí n sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbígbá. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni. Láàárín oṣù díẹ̀ sí ìsinsìnyí, ìyá mẹ́rin ló ti wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé ọmọ àwọn fẹ́ kọ́ Electrical Engineering, ìyẹn ìmọ̀ iná mànàmáná. Ẹ mọ̀ pé ìwé mẹ́fà ni èmi kà. Nítorí náà, mo lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ àti àwọn ọmọ wa tó ti kà á jáde. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo kó wá, mo sì fẹ́ sọ ọ́ lédè ọjà kó lè yé gbogbo wa.

KÍ NI IṢẸ́ NÁÀ GAN-AN?

Ẹ má rò pé ẹni tó ń gun òpó ni à ń sọ. Ẹni tó ń fa wáyà sínú ilé, oníṣẹ́ ọwọ́ ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì níyì. Ẹnjiníà iná ni ẹni tó ti ṣírò gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: wáyà wo ló lè gbé iná yẹn, ọ̀nà wo ni iná máa gbà dé ibi tó ń lọ, kí ló máa já a bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ kó má baà jó ọjà.

Bí iná ṣe ń rìn, ó jọ ọjà wa gan-an ni. Iná tí wọ́n ń pèsè ní Káínjì, níbi tí omi Odò Ọya ti ń yí ẹ̀rọ, kì í wá tààrà sí ìsọ̀ ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé e ga dé fólítì 330,000 lórí wáyà ńlá tí ẹ ń rí lórí òpó irin gàgàrà. Tó bá sún mọ́ ìlú, wọ́n á já a sí 132,000, wọ́n á tún já a sí 33,000, lẹ́yìn náà 11,000, kí tiransífọ́mà àdúgbò tó wá já a sí 415 àti 240 tí a ń lò. Ṣé ẹ rí i? Bí ìrẹsì ṣe ń ti ọwọ́ alágbàtà ńlá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń wọn kóńgò náà ni.

Ẹ lè ní, kí ló dé tí wọn ò kúkú gbé e wá ní 240 láti Káínjì? Iná máa ń sọnù lọ́nà. Ó ń di ooru lára wáyà, bí tòmátì tó ń ti Kánò bọ̀ ṣe ń jẹrà nínú ọkọ̀. Bí fólítì bá ga, èyí tó ń ṣòfò lọ́nà á dín kù gidigidi. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ẹnjiníà.

Kò sì mọ sórí iná ilé nìkan. Fóònù àti òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, sólà àti ínfátà tí àwa náà ti ń gbé sórí páànù ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀. Òfin iná tó jáde ní 2023 sì ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ṣètò iná tiwọn. Ìyẹn ni pé wọn ò ní yéé wá àwọn tó mọ iṣẹ́ náà.

ỌMỌ WO LÓ YẸ?

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń sọ pé, "Ọmọ mi ló ń tún fáànù ṣe nílé, ẹnjiníà ló máa ṣe." Àmì kan ni, mi ò bá yín jà. Àmọ́ àwọn tó kà á sọ fún mi pé ọgbọ́n ọwọ́ nìkan ò tó, ìṣirò ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ bi ọmọ yín ní ìbéèrè kan. Ẹ ní, "Wọ́n kọ 1,000 wáàtì sára áyọ́ọ̀nù wa, jẹnẹrétọ̀ kékeré wa ò lè gbé ju 650 lọ. Ṣé yóò gbé e?" Ọmọ kan á ní ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀ wò, ẹ tètè gba okùn jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọ kejì á ní rárá, kò lè gbé e, á sì sọ ìdí rẹ̀. Ọmọ kẹta á tún ní tí a bá fi 240 pín 1,000, ohun tó ń gba inú wáyà kọjá á lé díẹ̀ ní mẹ́rin, ìyẹn la ó sì fi mọ bí wáyà tí a máa rà ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Ọmọ kẹta yìí, ẹ má jẹ́ kó bọ́ o.

Ọmọ tó fẹ́ fọwọ́ ṣiṣẹ́ ju kó máa ṣírò lọ, pólì wà fún un. Ọdún méjì ni ND, á ṣiṣẹ́ ọdún kan, lẹ́yìn náà HND ọdún méjì. Yaba College of Technology ti wà láti 1947, Ìbàdàn náà ní tirẹ̀. Bí ND rẹ̀ bá dára, ó lè fi wọ ọdún kejì ní yunifásítì, èyí tí wọ́n ń pè ní Direct Entry. Ẹ má pe ọ̀nà yẹn ní ọ̀nà àwọn tó kùnà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fipá mú ọmọ nítorí kí wọ́n lè máa pè yín ní Ìyá Ẹnjiníà. Ọdún márùn-ún ni kọ́ọ̀sì yìí. Ẹni tí ara rẹ̀ ò gbà á, á lò ju márùn-ún lọ.

ÌGBÀ WO LA Ó BẸ̀RẸ̀ ÌMÚRASÍLẸ̀?

Láti SS1 ni, kì í ṣe ọdún tí ọmọ fẹ́ gba fọ́ọ̀mù JAMB. Ẹ fetí sí èyí:

1. Ní WAEC tàbí NECO, kírédíìtì márùn-ún ló gbọ́dọ̀ ní: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́mísírì, àti ọ̀kan sí i. Bí ilé-ìwé rẹ̀ bá ń kọ́ Further Mathematics tàbí Technical Drawing, kó gbà á, ó máa wúlò fún un níwájú.

2. Ní JAMB, Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísírì ló máa ṣe. 400 ni gbogbo máàkì rẹ̀. Ìbéèrè 180 ni láàárín wákàtí méjì, lórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ tí kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, á fi wákàtí yẹn wá ibi tí yóò tẹ̀. Kó lọ fi ọwọ́ kọ́ ọ ṣáájú.

3. Ní 2025, 150 ni JAMB ní kí yunifásítì má ṣe gbà kéré sí. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. Ibi tí èrò pọ̀ sí, ẹni tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà gbọ́dọ̀ lé ní 200 dáadáa. Ó sì gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 16, nítorí náà ẹ yéé jẹ́ kí wọ́n máa fo kíláàsì.

4. Kọ́ọ̀sì yìí wà ní Ifẹ̀, ní UNILAG, ní Ìbàdàn, ní FUTA Àkúrẹ́, ní LAUTECH Ògbómọ̀ṣọ́, ní FUNAAB Abẹ́òkúta, àti níbòmíràn. Ibikíbi tí ẹ bá yàn, ẹ bèèrè bóyá NUC àti COREN ti fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì náà. COREN ni ìjọba gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, ọmọ yín lè jáde tán kó máa wá ẹni tó máa pè é ní ẹnjiníà.

5. Ẹ fi owó oṣù mẹ́fà sọ́kàn. Ó máa ń kó sí ọdún kẹrin, tí wọ́n á rán ọmọ lọ kọ́ iṣẹ́ nílé-iṣẹ́, ètò SIWES tó ti wà láti 1973. Ó lè jẹ́ ìlú mìíràn, á sì jẹun, á sì wọkọ̀.

Ní ti owó ilé-ìwé, láti 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yáwó NELFUND fún ọmọ tó wà nílé-ìwé gíga ti ìjọba. Kò ní èlé. Ilé-ìwé ni wọ́n ń san owó ilé-ìwé fún tààrà, wọ́n sì ń fún ọmọ ní owó oúnjẹ tó bá béèrè fún un. Ìgbà tó bá ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán, tí ọdún méjì ti kọjá, tó sì ti níṣẹ́ lọ́wọ́, ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ò gba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mú owó wá kóun bá yín ṣe é, gbájúẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti "special centre" níbi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn fún ọmọ. Ìyá kan kó àjọ oṣù mẹ́fà lọ síbẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Èsì jáde, ó mọ́lẹ̀ yòò. Ọmọ wọlé. Ìṣirò ọdún kìíní ló kọ́kọ́ gbé e ṣubú, Físíìsì tẹ̀ lé e. Kò lo ọdún méjì tó fi padà wálé. Ìwé tí wọ́n bá ẹni kà, wọn kì í bá ẹni lò ó.

WÁKÀTÍ TÍ À Ń BÈÈRÈ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le rèé. Ní ìpàdé tó kọjá, a ní kí á jẹ́ kí àwọn ọmọ máa kẹ́kọ̀ọ́ ní yàrá ẹgbẹ́ lẹ́yìn ilé-ìwé. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ìsọ̀ ata dìde, wọ́n ní, "Tí ọmọ ò bá bá mi tajà, owó ìwé wo lẹ fẹ́ kí n fi ránṣẹ́?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín o, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Aago mẹ́rin àbọ̀ sí aago méje gan-an ni ọjà ń gbóná, ọwọ́ kan ò sì lè dì í.

Nítorí náà ni ìgbìmọ̀ ṣe yí i padà. Aago méjì ni ilé-ìwé ń jáde. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó wà ní SS1 sí SS3 wà ní yàrá ẹgbẹ́ láti aago méjì àbọ̀ sí mẹ́rin àbọ̀, kó tó wá bá wa mú ọjà ìrọ̀lẹ́. Wákàtí mẹ́wàá ni lọ́sẹ̀. Tí sáà bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12, wákàtí 120 ni. Ọmọ tó bá fi 120 wákàtí dojú kọ Ìṣirò àti Físíìsì, kò ní wá special centre kiri. A ó jọ dá owó olùkọ́ lẹ́sìnnì. Ẹni tí kò bá lè dá wà ní ìsọ̀ lásìkò yẹn, kí aládùúgbò rẹ̀ bá a fojú sí i. A ṣáà ń bá ara wa ṣọ́ ọjà bí a bá fẹ́ lọ kírun tàbí lọ jẹun.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀. Mo ṣàkíyèsí pé tí ọwọ́ bá dí, ọmọkùnrin là ń sọ fún pé kó lọ kàwé, ọmọbìnrin là ń gbé igbá lé lórí. Láti 1982 ni àwọn obìnrin ẹnjiníà Nàìjíríà ti ní ẹgbẹ́ tiwọn, APWEN, Joanna Maduka sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Iná kì í bèèrè bóyá ọkùnrin ló ṣírò òun.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀ ni a ó nawọ́ lórí ọ̀rọ̀ wákàtí yìí. Ẹni tó bá ní àtakò, kó wá sọ ọ́ níbẹ̀, a ò ní bínú. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ àti kíláàsì tó wà sínú ìwé tó wà lọ́wọ́ akápò.

Olúwa á jẹ́ ká jèrè àwọn ọmọ wa. Ọwọ́ wa ò ní padà sẹ́yìn. 

Akọ̀wé Ẹgbẹ́